Kábúrétọ̀ ni àbí rọ́bà fákúùmù?

Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tó dúró lójú kan, mẹkáníìkì á ní kí ẹ tú kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, fọ̀. Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí inú epo máa ń dí àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ yín ní odidi ọjọ́ kan, ẹ ó sì tún ra gáskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé rẹ̀.

Èmi fara mọ́ kí ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà fákúùmù, ìyẹn rọ́bà oníhò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ lára àwọn ẹ̀yà mìíràn; bó bá sán, afẹ́fẹ́ tí kò yẹ á wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n. Ti ọkọ̀ tí mo fi ń kó ẹja ní ọjà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́, ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀, ó ń súfèé fín-ín. Mo fi ìka dí ojú sísán náà, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Rọ́bà kan péré ni mo pààrọ̀. Ẹ má wọ́n pẹtiróòlù síbẹ̀ láti fi wá ojú sísán o, ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè gbiná.