Game of Thrones: inú bí wa títí, síbẹ̀ a ò yéé wò ó

Ẹni tí kò bá tíì wo Game of Thrones tó sì ní i lọ́kàn láti wò ó, kó yáa kọjá lọ báyìí o, torí mo máa dárúkọ ẹni tó kú àtẹni tó gorí oyè. Fíìmù tó ti parí láti 2019, mi ò lè máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n mọ́ jàre.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ṣá: HBO ló ṣe é, síísìn 8, ẹ́písóòdù 73, ó bẹ̀rẹ̀ ní April 2011, ó parí ní May 2019. Inú ìwé George R. R. Martin ni David Benioff àti D. B. Weiss ti yọ ọ́. Ìwé àkọ́kọ́ ti jáde láti 1996, ìkarùn-ún jáde ní 2011, ọdún tí fíìmù yìí bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìkẹfà sì rèé, a ṣì ń retí ẹ̀. Ìtàn àwọn ìdílé ọlọ́lá tó ń du ìtẹ́ kan ṣoṣo ni. Dírágónì wà ńbẹ̀, oṣó wà ńbẹ̀, òkú ń rìn kiri nínú yìnyín, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ya àwa tí a fi ìtàn ọdẹ àti iwin dàgbà lẹ́nu. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé wọ́n ń pa áktọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé áktọ̀ kì í kú, òfin nìyẹn látìgbà tí a ti ń wo fíìmù Íńdíà.

Wọ́n wá bẹ́ orí Ned Stark, bàbá ìdílé Stark tí a rò pé òun ni áktọ̀, ní ẹ́písóòdù 9 síísìn àkọ́kọ́. Sean Bean tó ṣe Ned, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n gbé sórí ìtẹ́ nínú àwòrán ìpolówó! Àwa kan ń retí pé ẹnì kan á já wọlé gbà á sílẹ̀, títí orúkọ àwọn òṣèré fi ń yọ lójú tẹlifíṣàn a ṣì ń retí. Ibẹ̀ ni àwa òǹwòran ti pín sí méjì, àwọn tó ti ka ìwé, tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín wa, àti àwa tí a ò kà á, tí a ń pariwo.

Ẹ wá wo ti 2013, ìgbéyàwó tí wọ́n ti pa Catelyn ìyàwó Ned àti Robb ọmọ ẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Red Wedding, ẹ́písóòdù 9 síísìn 3. Láti 2000 ni ìwé tó wà nínú ẹ̀ ti jáde, nítorí náà àwọn oníwèé ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọ́n wá dọ́gbọ́n gbé fóònù sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, wọ́n ń ká ojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ wọ YouTube ẹ ṣì máa bá a ńbẹ̀: àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu, àwọn kan dìde fùú wọ́n láwọn ò wò mọ́, àwọn míì ò lè sọ ju rárá, rárá lọ. Ìwà ìkà gbáà ni kéèyàn ká ọ̀rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo wo fídíò yẹn pọ̀ mo sì rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an ló jẹ́ kó dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò sáré rárá. Wọ́n jẹun, wọ́n mutí, wọ́n sin ìyàwó àti ọkọ lọ yàrá tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹnì kan rọra ti ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Àwọn olórin yí orin padà. Catelyn wo ìlẹ̀kùn, ó wo òkè lọ́dọ̀ àwọn olórin, kò tíì sẹ́ni tó fa idà yọ o, ó wá di ọwọ́ Roose Bolton, ìjòyè tó yẹ kó wà lẹ́yìn wọn, mú, ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè, ẹ̀wù irin ló bá lábẹ́ aṣọ ìnáwó. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti parí. Odindi ọdún 3 ni wọ́n fi kọ́ wa láti nífẹ̀ẹ́ ìdílé yẹn, ìdí nìyẹn tó fi dùn wá dé egungun.

Nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó bá fẹ́ wò ó lásìkò tí Amẹ́ríkà ń wò ó, aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sunday ti New York, aago méjì òru mọ́jú Monday tiwa nìyẹn. Ẹ jí lóru, ẹ lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú oorun lójú. Tẹ́ ò bá lè jí, ẹ má wọ WhatsApp láàárọ̀, torí àwọn oníbàjẹ́ kan wà tó jẹ́ pé kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti gbé òkú sórí status. Àbúrò mi obìnrin ṣe ni yóò pa dátà fóònù ẹ̀ títí á fi wò ó tán, ẹni bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kó pè é.

Àwọn tiwa náà sì wà ńbẹ̀ o. Adewale Akinnuoye-Agbaje, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, òun ni Malko tó ń ṣòwò ẹrú ní síísìn 5. Ènìyàn gìrìwò tó ní ohùn tó ń mì ilé, wọ́n wá fún un ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, Tyrion, aràrá ọlọ́gbọ́n tó mú, fẹnu gbara ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó tán. Ti Nonso Anozie tún sàn, òun ni Xaro, ọlọ́rọ̀ ìlú Qarth, ní síísìn 2, kó tó di pé wọ́n tì í mọ́ inú yàrá ìṣúra ara ẹ̀ tí kò sí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, torí a mọ irú wọn nígboro.

Láti síísìn 5 ni àwọn oníwèé ti dẹ́kun ẹ̀rín. Nínú ìwé, ọmọbìnrin míì tó ń jẹ́ Jeyne Poole ni wọ́n fà lé Ramsay, ọmọ Roose Bolton, lọ́wọ́. Fíìmù gbé Sansa, ọmọ Ned, síbẹ̀, wọ́n fi ipá bá a lò ní alẹ́ ìgbéyàwó ẹ̀, kámẹ́rà wá yí kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ó lọ ń wo ojú Theon, ọkùnrin tí Ramsay ní kó dúró wò ó. Ọmọbìnrin ló ń jìyà, ẹkún ọkùnrin ni wọ́n ń fi hàn wá. Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn kò kéré, àwọn kan jáwọ́ pátápátá, mi ò sì lè bá wọn jà. Ti Lady Stoneheart tí wọ́n yọ dànù, ìyẹn Catelyn tó jí dìde nínú ìwé tó ń so àwọn Frey tó pa á kọ́, èmi ò bínú síyẹn ní tèmi. Tí gbogbo ẹni tí wọ́n pa bá ń jí, ẹ̀rù kí ni yóò tún bà wá? Jon Snow, ọmọ tí Ned tọ́ dàgbà, tí wọ́n jí dìde, òun nìkan ti tó.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ìjà.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé ìwé ló tán tí fíìmù fi bàjẹ́. Mi ò gbà. Ní 2016 tí a rí ohun tó mú kí Hodor, òmìrán ìránṣẹ́ tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ míì, máa pe Hodor, kò sí ìwé kankan tó tíì débẹ̀, gbogbo wa ṣì sunkún. Ẹ́písóòdù tó kẹ́yìn síísìn 6 náà, tí Ramin Djawadi tó kọ orin fíìmù náà fi dùùrù lù wá láyà títí Cersei ìyá ọba fi fi iná aláwọ̀ ewé jó tẹ́ḿpìlì àtàwọn tó wà nínú ẹ̀, kò sí nínú ìwé, ó sì wà lára èyí tó dáa jù nínú gbogbo 73 yẹn. Sùúrù ló tán. Síísìn 1 sí 6, ẹ́písóòdù 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síísìn 7 di 7, síísìn 8 di 6, HBO sì ṣe tán láti náwó síi o, Benioff àti Weiss ló ní ó ti tó. Ní síísìn àkọ́kọ́ kí ọba tó ti Winterfell, ilé àwọn Stark, dé King's Landing, olú-ìlú, a ti rí ìjà, a ti rí ọ̀rẹ́, a ti rí ikú ajá. Ní síísìn 7, Gendry tó bá Jon Snow lọ sọ́dọ̀ àwọn òkú fẹsẹ̀ sáré padà dé odi, wọ́n rán ẹyẹ, ẹyẹ fò dé Dragonstone, erékùṣù tí Daenerys, ọba obìnrin tó ni dírágónì, wà, ó gun dírágónì dé, Jon àtàwọn yòókù ṣì dúró lórí àpáta láàárín omi dídì bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ti ẹ́písóòdù 3 síísìn 8 wá ńkọ́? Ìjà òru pẹ̀lú àwọn òkú, ìṣẹ́jú 82, òru 55 ni wọ́n fi ya ìta ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dára débi pé ara mi bù máṣọ: Melisandre, àjẹ́ oníná, fi iná sí idà àwọn Dothraki, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Daenerys, ẹgbẹẹgbẹ̀rún iná ń sáré lọ sínú òkùnkùn, àwọn tó wà lẹ́yìn ń wò wọ́n, iná ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kú, ó kú tán. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn a ò rí nǹkan kan mọ́, mo ní nǹkan kan! Àbúrò mi dìde, ó lọ fi aṣọ nu ojú tẹlifíṣàn. Fabian Wagner tó ya fíìmù náà wá ní kò sóhun tó ṣe é, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣàn wọn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kọ́ọ̀bù kọfí ayé òde òní jókòó sórí tábìlì níwájú Daenerys, ìyẹn la rí kedere. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ báyìí, àmọ́ ọwọ́ wa ti ba fọ́tò ẹ̀.

Ẹ́písóòdù 5 ló dá ogun sílẹ̀. King's Landing ti túúbá, agogo ń dún, Daenerys jókòó sórí dírágónì, kámẹ́rà wo ojú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ìlú, tọmọdé tàgbà. Ẹ rántí pé àwọn òbí ti sọ ọmọ ní Khaleesi, oyè Daenerys, o, ní Amẹ́ríkà nìkan ó lé ní 500 ọmọ ní 2018! Àwọn èèyàn ní kò bá ìwà ẹ̀ mu. Ó bá a mu kẹ̀. Obìnrin tó kan olówó ẹrú 163 mọ́gi ní ìlú Meereen, tó sun Tarly baba àtọmọ torí wọn ò foríbalẹ̀ fún un, kí lẹ rò pé ó ń bọ̀ wá ṣe? Ibi tí wọ́n dé kọ́ ló ń bí wa nínú, eré tí wọ́n sá débẹ̀ ni. Ẹ fún wa ní síísìn kan gbáko tí ọkàn obìnrin yẹn á máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, a máa sunkún, a ò ní bú ẹnikẹ́ni.

Ti Bran, ọmọ Ned, tó jọba nígbẹ̀yìn, èyí ń pa mí lẹ́rìn-ín dòní. Ọmọ tó ti lóun ò lè ṣe olúwa ohunkóhun mọ́. Tyrion tí wọ́n de ẹ̀wọ̀n mọ́ lọ́wọ́ ló wá di afọbajẹ, ẹlẹ́wọ̀n ń yan ọba, gbogbo ìjòyè ń mi orí. Ibo ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀?

Ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún síísìn 8 ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Sophie Turner tó ṣe Sansa bínú sí i, ó ní ìwọ̀sí ni sí àwọn tó ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, mo sì gbọ́ ọ yé, torí àwọn tó rán aṣọ àtàwọn tó kan pákó kọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ tí a ń bú. Síbẹ̀ òǹwòran tó fi ọdún 8 jókòó ti yín ní ẹ̀tọ́ láti ké. Ohun tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé síísìn tí gbogbo ayé ń bú yìí gan-an gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy 12, títí kan ti eré tó dáa jù, mílíọ̀nù 19.3 ló sì wo ìparí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Máàkì tèmi: síísìn 1 sí 4, 10 nínú 10. Ìkarùn-ún, 7. Ìkẹfà, 9. Ìkeje, 6, torí dírágónì. Ìkẹjọ, 4, torí iná àwọn Dothraki yẹn àti torí Peter Dinklage tó ṣe Tyrion, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré tí kò dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra á tàbí kẹ́ ẹ san súbúskrípṣọ̀n torí ẹ̀, owó yín ò sọnù. Ẹ ṣáà lé àwọn ọmọdé lọ sùn kẹ́ ẹ tó tàn án, torí láti ẹ́písóòdù àkọ́kọ́ pàá ni wọ́n ti ń bọ́ra sílẹ̀, ẹ ò sì ní ráyè wá rímóòtù.