Àgbéyẹ̀wò Transkribus: Bí Mo Ṣe Ń Fi Tag Ṣètò Ìwé Àfọwọ́kọ Tí A Ti Dà Kọ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Transkribus sí ni kíka ìwé àfọwọ́kọ: wọn a gbé àwòrán ojú ìwé sí i, ètò kọ̀ǹpútà náà a sì kọ ohun tí ó rí níbẹ̀ jáde. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ní Yunifásítì Innsbruck ní orílẹ̀-èdè Austria, kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù READ-COOP tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2019. Ní tèmi tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lórí àkójọ lẹ́tà àtijọ́, àwọn àmì tí a ń pè ní tag ni mo tìtorí wọn dúró ti ètò náà, àwọn sì ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé lórí.

Ìwé tí a dà kọ tán tí a kò ṣàmì sí, kìkì ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni a lè wá nínú rẹ̀. Akọ̀wé lè kọ “William” níbì kan, kí ó gé e kúrú sí “Wm.” níbòmíràn, kí ó sì pè é ní “bàbá mi” nínú lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá wá “William” yóò rí ẹyọ kan nínú mẹ́ta, yóò sì rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Lílò tag kò nira. Bí àdàkọ bá ti wà nílẹ̀, èèyàn a yan ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́, a sì mú àmì tí ó bá a mu. Person wà fún ènìyàn, place fún ibi, date fún ọjọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tí a lè kọ àlàyé sí: orúkọ àkọ́kọ́ àti orúkọ ìdílé lábẹ́ person, ọjọ́, oṣù àti ọdún lábẹ́ date. Abbrev wà fún ọ̀rọ̀ tí a gé kúrú, inú àyè tí ó ń jẹ́ expansion ni a ó sì ti kọ “William” ní kíkún, tí “Wm.” yóò sì wà bí akọ̀wé ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn àmì mìíràn wà tí a ń fi sí ìpín odidi lójú ìwé, bí àkọlé, ìpínrọ̀ àti nọ́ńbà ojú ìwé. N kò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí pé lẹ́tà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni unclear, gap àti supplied, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń mú kí àdàkọ jẹ́ olóòótọ́. Omi a máa ba ìwé àtijọ́ jẹ́, kòkòrò a máa jẹ ẹ́, ọwọ́ akọ̀wé sì lè burú débi pé ẹni mẹ́ta yóò kà á, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò sì pè é. Bí adàkọ bá kàn kọ èyí tí ó rò sílẹ̀ láìṣàmì, ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn rẹ̀ kò ní mọ èyí tí ó dájú yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ àbá. Unclear ń sọ pé mo rí ohun kan, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú; gap ń sọ pé nǹkan wà níbí tí kò ṣeé kà mọ́; supplied ń sọ pé èmi adàkọ ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí kún un. Èrè mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí: nígbà tí a bá ń kọ́ ètò náà láti mọ ọwọ́ akọ̀wé tuntun, a lè pàṣẹ pé kí ó fo gbogbo ìlà tí unclear tàbí gap wà, kí ó má baà fi àbá wa kọ́ ẹ̀kọ́.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó mọ ibi tí àmì wọ̀nyí ń gbé. Inú fáìlì PAGE XML, èyí tí ètò náà ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí, ni wọ́n wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí wọ́n jẹ mọ́, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà méjì: ibi tí àmì ti bẹ̀rẹ̀, tí a ń kà láti òdo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, àti iye lẹ́tà tí ó gùn tó. Nítorí náà, bí orúkọ kan bá bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ìlà kan tí ó sì parí ní ìlà kejì, ìdajì méjì ni àmì rẹ̀ yóò pín sí, continued ni a ó sì fi so wọ́n pọ̀. Ìdí kan náà ni ó fi jẹ́ pé, bí a bá tún ní kí ẹ̀rọ ka ojú ìwé tí a ti ṣàmì sí, ẹ̀dà tuntun kì í gbé àwọn àmì náà dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè padà sí ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀. Ìlànà mi ni pé kí àdàkọ péye tán, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó fọwọ́ kan àmì rárá.

Ìṣòro tí ó le jù ni ti mímọ ẹni tí à ń sọ. Person ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ènìyàn ni, kò sọ ẹni tí í ṣe. William méjì sì lè wà nínú lẹ́tà kan, bàbá àti ọmọ. FromThePage, ètò ìdàkọ ìwé mìíràn tí mo ti lò pẹ̀lú, dára púpọ̀ ní ìhà yìí. Níbẹ̀, àkámọ́ onígun méjì-méjì ni a fi ń ká ọ̀rọ̀ mọ́: orúkọ tí a yàn fún ẹni náà ni yóò ṣáájú, ìlà òòró yóò tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ inú ìwé gan-an tó wá. Gbogbo ọ̀nà tí a gbà pe ọkùnrin kan yóò wá já sí ojú ewé kan ṣoṣo, tí ó to gbogbo ibi tí a ti dárúkọ rẹ̀. Nínú Transkribus, a lè fi nọ́ńbà Wikidata, àkójọ ìmọ̀ orí ayélujára tí ó fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, sára àmì, bí Q84 fún London, ìyẹn sì tó fún ìlú ńlá àti ènìyàn olókìkí. Ṣùgbọ́n àwọn tí lẹ́tà àtijọ́ ń sọ nípa wọn kì í sábà ní nọ́ńbà níbẹ̀: ìránṣẹ́, aládùúgbò, ọmọ tí ó kú ní kékeré. Nítorí wọn ni mo ṣe fi àyè kan tèmi kún person, níbi tí mo ti ń kọ nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé orúkọ tí mo ń tọ́jú lọ́tọ̀. Iṣẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a lè rí.

Ètò náà gbà wá láyè láti dá àmì tiwa sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àkójọ ti ń dàrú. Bí ẹnì kan bá dá àmì “àìsàn” sílẹ̀, tí ẹnì kejì dá “àìlera” sílẹ̀ fún ohun kan náà, àkójọ ti pín sí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo gba àwọn tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níyànjú pé kí wọ́n ní ìwé ìlànà kúkúrú tí ó sọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan wà fún, ohun tí kò wà fún, àti àpẹẹrẹ láti inú ìwé wọn. Ìbéèrè tí a bá mọ̀ pé a ó bi ìwé náà ni kí ó pinnu àmì tí a ó ní. Bí kò bá sí ẹni tí yóò béèrè nípa àwọ̀ aṣọ, kí ni a fẹ́ fi àmì aṣọ ṣe?

Kí èèyàn tó yan ètò èyíkéyìí, kí ó kọ́kọ́ wo bí yóò ṣe kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Mo ti bá ètò kan ṣiṣẹ́ rí, tí n kò ní dárúkọ, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń kó jáde, tí gbogbo àmì sì ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. Transkribus ń kó iṣẹ́ jáde ní TEI, ìlànà tí àwọn olùwádìí fi ń ṣàmì sí ìwé lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí àmì ènìyàn ti ń di persName tí ètò mìíràn lè lò, ó sì lè kó gbogbo àmì sínú fáìlì Excel. Excel yìí ni mo fi ń ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn: mo ń to àwọn orúkọ ní ìtẹ̀léra ábídí, kíá ni mo sì ń rí orúkọ tí kò ní nọ́ńbà, ọjọ́ tí kò ní ọdún, àti ẹni kan tí ó ti di méjì. Mo ń padà lọ tún wọn ṣe lójú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àkójọ tó dé ọwọ́ olùwádìí.