Mo fi QGIS àti SaTScan wá ibi tí ibà fi ṣe ibùgbé ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin

Ètò orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n: QGIS ń ya máàpù, SaTScan ń wá ibi tí àìsàn kóra jọ sí ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ìyẹn ni mo fi kọ́kọ́ gbà wọ́n. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tí ibà mú sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbí, mo sì fẹ́ mọ àdúgbò tó yẹ ká kọ́kọ́ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn lọ.

QGIS gbọ́ Faransé, ó sì rọrùn. Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ilé tí mo fi fóònù gba ojú ibi tí wọ́n wà ló bọ́ sínú òkun, lápá gúúsù Nàìjíríà lọ́hùn-ún! Nọ́ńbà méjì ló ń sọ ojú ibi tí ilé wà, ọ̀kan fún àríwá, ọ̀kan fún ìlà-oòrùn; èmi ni mo gbé wọn fún ara wọn, tí mo kọ 2.6 síbi tó yẹ kí n kọ 7.3 sí. Kọ́mà tí Excel Faransé ń fi sáàárín nọ́ńbà dípò àmì tóótó náà tún fìyà jẹ mí.

Nígbà tí máàpù jáde, àyíká ọjà pọ́n bí ata gígùn. Inú mi dùn, àṣé mo ti ṣìnà: ibi tí èrò bá pọ̀ sí, aláìsàn á kúkú pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni SaTScan ti gbà mí. Á máa gbé òbìrìkìtì kékeré àti ńlá ká orí máàpù, á ka aláìsàn inú rẹ̀, á fi wé iye tó yẹ kí iye èèyàn ibẹ̀ mú wá. Á wá fọ́n àwọn aláìsàn náà ká bó bá ṣe bọ́ sí nígbà 999, kó lè mọ̀ bóyá ó kàn ṣèèṣì ni wọ́n fi pọ̀ níbì kan. Bí ọjà ṣe pòórá nìyẹn. Etí ìlú níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀ mọ bíríkì ló yọjú: kòtò, omi òjò, oòrùn gbangba, ohun tí ẹ̀fọn ibà ń wá gan-an. (Ìkòkò omi tí a fi ń bá àwọn ìyá wa jà kọ́ o, ẹ̀fọn mìíràn ló ń yé síbẹ̀.)

Ìràwọ̀ márùn-ún fún QGIS. SaTScan gba mẹ́rin, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ, bí ẹ ò bá sì tètè dín òbìrìkìtì rẹ̀ kù, ó lè gbé ìdajì gbogbo èèyàn tí ẹ kà mì. Mo já tèmi sí 10%.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ibi tí èèyàn sùn nínú wọn. Mo bi ìyá kan tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, pé, “Ìyá, ṣé ilé lẹ sùn lóṣù tó kọjá?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, abà ni mo wà látìgbà tí òjò ti dé.” Ojúlé ìlú ni mo kọ fún wọn. Mo ti wá fa ìlà kan kún ìwé wa: ibi tí ẹ sùn.