Aletsch: ẹ má torí fọ́tò nìkan gun òkè yìí

Láti Geneva ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti wọ rélùwéè lọ sí Brig, ìlú kan ní Switzerland, lóṣù kẹjọ. Níbẹ̀ la ti wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré dé Betten Talstation, ọkọ̀ orí wáyà sì gbé wa gòkè lọ sí Bettmeralp, abúlé kan tí mọ́tò àwọn àlejò kì í wọ̀. Káàdì Halbtax tá a ní dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù dáadáa. Ẹ tètè jí o, torí kùrukùru lè bo gbogbo orí òkè tó bá di ọ̀sán.

Aletsch la lọ wò, odò yìnyín (ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra wọ́ sọ̀kalẹ̀ láàárín òkè) tó gùn jù lọ ní gbogbo òkè Alps. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 20. Ní Konkordiaplatz, níbi tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ti pàdé, yìnyín ọ̀hún nípọn tó nǹkan bíi mítà 800. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ kejì já wa sí Bettmerhorn tí mo yọjú wo ìsàlẹ̀, "háà" nìkan ló jáde lẹ́nu mi. Ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, ó ń yí kọ́rọ́ bí odò gidi, ilà dúdú méjì sì bá a lọ láti òkè délẹ̀. Òkúta àti iyanrìn tó ń já bọ́ láti ara òkè ni ilà wọ̀nyẹn. Níbi tí ẹ̀ka méjì bá ti so pọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ya fọ́tò tán níbẹ̀, wọ́n sì padà sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹsẹ̀ yín bá gbé e, ẹ rìn dé Märjelen, àfonífojì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín náà. Òkúta ńláńlá pọ̀ lọ́nà, àwọn ibì kan sì fún, ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun àti pupa tí wọ́n kùn sára òkúta kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣìnà.

Ẹ ṣọ́ra fún bàtà tẹ́ ẹ máa wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ni àbúrò mi ti háyà tiẹ̀. Ó ní ó há, wọ́n ní á rọ̀ tó bá yá. Kò rọ̀. A ò tíì rìn ju wákàtí kan lọ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi bó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀."

Ìgbà tá a jókòó yẹn la tó gbọ́ ohùn yìnyín náà. Omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ níbi tójú ò lè tó. Tó bá ṣe díẹ̀, yóò dún gbàù, bí ìgbà tí ẹ̀ka igi ńlá bá ṣẹ́. Mo wo òdìkejì, mo rí i pé ara òkè pín sí méjì: apá òkè dúdú, apá ìsàlẹ̀ mọ́ bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ibi tí méjèèjì ti pààlà ni yìnyín ga dé láyé àtijọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1850 títí di ìsinsìnyí, ó ti fi ohun tó ju kìlómítà 3 kúrú. Lọ́dún 1678, àwọn ará Fiesch, abúlé kan nítòsí ibẹ̀, jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé àwọn á máa gbàdúrà, nítorí pé yìnyín yìí ń dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Láyé tiwa yìí, wọ́n ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ Póòpù kí wọ́n lè yí àdúrà náà padà, kí yìnyín má bàa tán. Ó dùn mí dọ́kàn.

Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn ní Märjelen, kò funfun tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ àti erùpẹ̀ aláwọ̀ eérú ló bo ojú rẹ̀. Inú àwọn ibi tó ti là lẹ ti máa rí àyìnrín tó mọ́ lóló, bí aṣọ tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má dá gun orí rẹ̀ o. Yìnyín tuntun lè bo ẹnu kòtò tó jìn gan-an. Àwọn afinimọ̀nà tó máa ń fi okùn so èèyàn mọ́ra wọn wà, àwọn ni kẹ́ ẹ bá lọ.

A mu ọbẹ̀ gbígbóná ní Gletscherstube, ilé oúnjẹ kan ní Märjelen, àbúrò mi bọ́ bàtà, ó wọ sálúbàtà, a sì gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ la òkè já, tó tó nǹkan bíi kìlómítà kan, bọ́ sí Fiescheralp. Inú ihò náà tutù, omi sì ń kán síni lórí. Ẹ wo aago ọkọ̀ orí wáyà ìkẹyìn tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Fiescheralp kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, màmá wa ni mo fẹ́ mú lọ. Wọn ò ní rìn dé Märjelen, àmọ́ ọkọ̀ orí wáyà á gbé wọn dé Bettmerhorn, wọ́n á sì fojú ara wọn rí i.