Ìwé Látìn wo ni òbí tí kò gbọ́ Látìn lè fi kọ́ ọmọ nílé? Ìfiwéra

Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ mi ní Látìn nílé, ìwé ọmọ nìkan ni mo rà. Mo fi ìwé olùkọ́, níbi tí ìdáhùn wà, sílẹ̀ kí ìnáwó lè mọ níwọ̀n. Kò tó oṣù kan tí ọmọ fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá: "Màámi, ṣé mo gbà á?" Mo wo ìwé, mo wo ojú ọmọ. Èmi tí mò ń pe ara mi ní tíṣà, n kò mọ èyí tó tọ̀nà.

Látìgbà náà, ojú òbí ni mo fi ń wo ìwé Látìn. Èyí tó dáa ní kíláàsì tó ní tíṣà lè má wúlò rárá nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ èdè náà. Ṣé ìdáhùn gbogbo iṣẹ́ wà? Ṣé a óò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀? Ṣé ìwé náà ń ṣàlàyé fún àgbàlagbà tí kò mọ nǹkan kan, àbí ó ti gbà pé tíṣà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?

Ibi tí Látìn ti le

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló le, ìparí ọ̀rọ̀ ni. Ní Yorùbá, ipò tí ọ̀rọ̀ wà ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí. "Ajá gé ọmọ jẹ" yàtọ̀ pátápátá sí "Ọmọ gé ajá jẹ." Ní Látìn, *Canis puerum mordet* ni ajá ń gé ọmọ jẹ. Ẹ yí i sí *Puerum canis mordet*, ajá náà ló ṣì ń gé ọmọ jẹ, torí pé *-um* tó wà lẹ́yìn *puer* ti sọ pé ọmọ ló fara gbá. Bí ọmọ bá máa gé ajá jẹ, ìparí méjèèjì ló máa yí: *Puer canem mordet*. Gbogbo ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń gbìyànjú láti kọ́ni. Ọ̀nà ló yàtọ̀.

Ẹ tún máa rí ìlà kékeré lórí fáwẹ̀lì. *Puella* ni ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan, *puellā*, pẹ̀lú ìlà, lè túmọ̀ sí "láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin." Ẹni tó bá ti ka ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ rí láìsí àmì ohùn kò ní fojú kéré ìlà yẹn. Èmi kì í ra ìwé tó bá yọ ọ́ kúrò.

Pípè pín sí méjì. Ti àwọn ará Róòmù àtijọ́, *c* jẹ́ *k* níbi gbogbo, *v* sì jẹ́ *w*. Ti Ìjọ Kátólíìkì, *c* tó bá ṣáájú *e* tàbí *i* sún mọ́ *ṣ* wa, *v* sì wà bí ó ṣe wà. (Ti àtijọ́ rọ ahọ́n Yorùbá lọ́rùn, *v* ò kúkú sí lẹ́nu wa.) Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í, kí ọmọ má baà máa pe Cicero, orúkọ òǹkọ̀wé Róòmù kan, ní oríṣi méjì.

Fún ọmọ kékeré

Prima Latina, ti ilé iṣẹ́ Memoria Press, bá ọmọ bí ọdún 7 sí 8 mu, ọmọ tó ti mọ̀wé kà dáadáa. Ẹ̀kọ́ 25 ni, ìwé olùkọ́ rẹ̀ ní ìdáhùn, fídíò sì wà tí ẹnìkan ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà látòkèdélẹ̀. Pípè ti Ìjọ ló ń lò, àdúrà Látìn sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹ̀sìn wọ inú ẹ̀kọ́ èdè, ẹ kọjá lára ẹ̀.

Song School Latin, ti Classical Academic Press, kéré sí i lọ́jọ́ orí. Orin ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ọmọ á mọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gírámà tí ẹ máa rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Minimus, tí Barbara Bell kọ ní 1999, jẹ́ ìwé àwòrán nípa eku kan àti ìdílé kan ní Vindolanda, àgọ́ ọmọ ogun Róòmù ní àríwá Bírítéènì. Ìdílé náà wáyé ní tòótọ́. Wọ́n ti hú lẹ́tà wọn jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ á fẹ́ràn ẹ̀ ju méjì ìṣáájú lọ. Àmọ́ òbí tí kò gbọ́ Látìn kò gbọ́dọ̀ rà á láìsí ìwé olùkọ́ rẹ̀.

Fún ọmọ bí ọdún 9 sókè

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀.

Getting Started with Latin, ti William Linney, ìwé kan ṣoṣo ni. Kò sí ti ọmọ, kò sí ti olùkọ́. Ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ 134, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì ju ọ̀rọ̀ tuntun kan tàbí òfin kan lọ. Òǹkọ̀wé gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, oríṣi pípè méjèèjì, ọ̀fẹ́ ló sì wà. Òbí àti ọmọ lè jókòó tì í pa pọ̀, kí wọ́n jọ máa ṣàṣìṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lọ jìnnà, kò sì lárinrin: gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn, kò sí ìtàn.

Latin for Children, Primer A, yàtọ̀ sí i gan-an. Ariwo wà ńbẹ̀. Ọmọ á máa ké ìparí ọ̀rọ̀ bí orin: *-a, -ae, -ae, -am, -ā*. Fídíò ló ń kọ́ ọmọ, òbí á kàn máa yẹ iṣẹ́ wò. Orí kan lọ́sẹ̀ kan ni wọ́n ṣe é fún, èyí tó lè yá jù fún ilé tí òbí ń bá ọmọ kọ́ ọ. First Form Latin, ti Memoria Press, ló létò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: gírámà ṣáájú, àkọ́sórí, iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ sì pọ̀: ìwé ọmọ, ìwé iṣẹ́, ìwé olùkọ́, fídíò. Ẹni tó bá ra ọ̀kan tó fi ìyókù sílẹ̀ yóò ṣe irú àṣìṣe tèmi.

Èmi á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Linney fún oṣù díẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ràn ètò, ẹ bọ́ sí First Form; bó bá jẹ́ ẹni tí ń ké orin káàkiri ilé, Latin for Children.

Àwọn tó ń fi ìtàn kọ́ni

Familia Romana, ti Hans Ørberg ará Denmark, Látìn ni látojú ìwé kìn-ín-ní dé orí 35. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ etí ìwé ló ń túmọ̀. Ó dùn mọ́ni bí ẹni ń tú àlọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti há sọ́nà, kò sẹ́ni tó máa fi èdè mìíràn ṣàlàyé fún yín, àyàfi tí ẹ bá ra ìwé tí Jeanne Neumann kọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti tì í lẹ́yìn. Ìdáhùn náà wà nínú ìwé ọ̀tọ̀. Kí òbí kọ́kọ́ ka orí díẹ̀ pẹ̀lú: ẹrú àti pàṣán wà nínú ìtàn náà.

Cambridge Latin Course fi àlàyé Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ìtàn Caecilius ló fi bẹ̀rẹ̀, onísòwò owó kan ní Pompeii, ìlú Róòmù tí òkè oníná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Ó rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n gírámà rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé, ìdáhùn ò sì sí nínú ìwé ọmọ.

Ìwé Henle àti ti Wheelock ńkọ́, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ọmọ á fi di ọ̀dọ́.

Bí ẹ bá máa ra àlòkù

Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìwé ọmọ àti ti olùkọ́ gbọ́dọ̀ bára mu, torí pé wọ́n máa ń tún ìwé wọ̀nyí tẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹ̀kọ́ kan náà nínú méjèèjì ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó sanwó. Bí ìbéèrè bá jẹ́ 10 nínú ti ọmọ, tí ìdáhùn sì jẹ́ 12 nínú ti olùkọ́, ẹ má rà á.