Bentley ti Derby, Alvis Speed 25 tàbí SS Jaguar: Èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ sàlúùnù (ọkọ̀ tó ní òrùlé líle) olówó ńlá tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, tó sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà lè sáré lójú títì òde òní, kò ní pẹ́ kó tó bá orúkọ mẹ́ta yìí pàdé: Bentley 4¼ Litre, Alvis Speed 25 àti SS Jaguar 3½ Litre. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, ọjọ́ orí wọn kò sì jìnnà síra. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kan ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà ló sì máa ń pinnu iye tí àtúnṣe yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà wọ́n.

Rolls-Royce ra ilé iṣẹ́ Bentley ní ọdún 1931, ó sì gbé iṣẹ́ náà lọ sí ìlú Derby. Ní 1936 ni 4¼ Litre jáde, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 4257 cc tó rọra ń ṣiṣẹ́ débi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ṣaasí (férémù irin tó gbé ọkọ̀ dúró) àti ẹ́ńjìnnì nìkan ni Derby ń tà, ní iye tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn; oníbàárà ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kan ara ọkọ̀, bíi Park Ward, Hooper tàbí Thrupp & Maberly. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi Bentley méjì wéra, iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà méjì lẹ ń fi wéra. Bírékì rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́ tí jíà ń yí, mo sì gbà pé òun ló dára jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí wọ́n ṣe láti ìparí 1938 ní jíà kẹrin tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi lórí eré gígùn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi wọ́n ju àwọn tó ṣáájú wọn lọ.

Ọmọ ìlú Coventry ni Alvis Speed 25. Ẹ́ńjìnnì 3571 cc rẹ̀ ń mu epo láti inú kàbúrétọ̀ mẹ́ta, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹṣin 106. Jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin nìkan ni ti Bentley rí bẹ́ẹ̀. Táyà iwájú kọ̀ọ̀kan sì ń dá gba kòtò tirẹ̀ láìfi ti ẹnì kejì ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ wa ọkọ̀ yìí lọ sí ìrìn àjò tó jìn, òun ni mo fọwọ́ sí. Charlesworth, ní Coventry kan náà, ló kan ara ọ̀pọ̀ sàlúùnù rẹ̀. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ba ilé iṣẹ́ Alvis jẹ́ ní oṣù kọkànlá 1940, síbẹ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà kò wọ́n tó bí ẹ ti lè rò, nítorí pé lẹ́yìn tí Alvis dáwọ́ ọkọ̀ ṣíṣe dúró ní 1967, ilé iṣẹ́ kan ní Kenilworth gba ẹ̀yà àti ìwé àwòrán wọn, ó sì ń tà wọ́n títí di òní.

SS Jaguar ni ti ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. William Lyons, ọ̀gá ilé iṣẹ́ SS, ta 3½ Litre ní 445 pọ́n-ùn ní 1938, pẹ̀lú 3485 cc àti agbára ẹṣin 125, èyí tó ya àwọn abánidíje rẹ̀ lẹ́nu. Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kan gbogbo ara sàlúùnù rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí fún ẹni tó ń rà: nínú Bentley àti Alvis, egungun igi ló wà lábẹ́ páànù, igi ni ẹ ó sì máa bẹ̀rù, nínú Jaguar ti 1938 sí ìgbà tí ogun dé, ìpata ni ọ̀tá.

Igi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí pé níbẹ̀ ni owó ti ń wọlẹ̀ jù. Ọ̀dà tuntun tó ń dán kò sọ nǹkan kan nípa òpó tó gbé ilẹ̀kùn dúró. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọwọ́ gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀. Bó bá mì, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ní láti gbá a kó tó dé, igi ti jẹrà tàbí ìṣó ti tú. Ẹ béèrè fótò ìgbà tí wọ́n tú ara ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun tún ọkọ̀ ṣe pátápátá, tí kò sì ní fótò kan ṣoṣo, ẹ san owó ọkọ̀ tí wọn kò tíì tún ṣe fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà ṣaasí àti ti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ìwé. Àkọsílẹ̀ Bentley ti Derby wà ní Hunt House, ibùdó ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Rolls-Royce, ní Paulerspury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ tó ń tọ́jú ogún Jaguar sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ sàlúùnù ni wọ́n ti bọ́ ara rẹ̀ sọnù kí wọ́n lè kan ara tí kò ní òrùlé sí i, torí pé ìyẹn ló ń pa owó. Sàlúùnù tó ṣì wọ ara àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju bí owó rẹ̀ ti fi hàn lọ, èyí sì ń dùn mọ́ mi nínú fún ẹni tó mọ ohun tó ń wá.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jí ní tútù, kí ẹ wà á gun òkè, kí ẹ sì wo ìwọ̀n ooru omi àti agbára ọ́ìlì nígbà tó ti gbóná dáadáa.

Fún àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún lè wọ ẹ̀ka ọkọ̀ àtijọ́ lọ́dọ̀ DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí kò ti sí owó orí ọkọ̀ àti owó ULEZ (owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń ba afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù jẹ́), ṣùgbọ́n ẹ ní láti béèrè fún un kí wọ́n tó fún yín. Epo E10 tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé epo níbẹ̀ ní ọtí nínú ju E5 lọ, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5 ni kí ẹ máa rà.