Ètò wo ló yẹ kí ẹ rà láti máa yan áíkọ́ọ̀nù fún fáìlì? Ìfiwéra ètò márùn-ún fún ẹni tó ń lo Windows

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, CorelDRAW la sì fi ń ya káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀bù wa. Nígbàkigbà tí a bá ṣàtúnṣe sí iṣẹ́ kan tí a sì tọ́jú rẹ̀, CorelDRAW a máa fi ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì kọ Backup_of_ síwájú orúkọ rẹ̀. Áíkọ́ọ̀nù kan náà, ìyẹn àwòrán kékeré tó ń dúró fún fáìlì lójú kọ̀ǹpútà, ni àwọn méjèèjì ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi tẹ èyí tí kò yẹ, igba káàdì sì ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ọjọ́ ìgbéyàwó tó wà lára rẹ̀ ni èyí tí ẹbí ìyàwó ti ní ká yí padà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ètò kékeré tí yóò máa fún fáìlì ní áíkọ́ọ̀nù láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì í, kí ojú lè dá wọn mọ̀ kí ọwọ́ tó kàn wọ́n. Ètò àkọ́kọ́ tí mo rà ṣe gbogbo ohun tó ní òun yóò ṣe. Èmi ni n kò bi ara mi léèrè ohun tí mo ń wá.

Ohun tó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ mọ̀ ni pé Windows kì í sábà wo fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó yan áíkọ́ọ̀nù fún un, yàtọ̀ sí ètò tí orúkọ rẹ̀ parí sí .exe, tó lè gbé áíkọ́ọ̀nù tirẹ̀ sínú. Ìrù orúkọ fáìlì ló ń wò, irú bíi .pdf, .docx tàbí .cdr, yóò sì lọ wo inú àkójọ ìlànà ìṣiṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Registry, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sí abẹ́ DefaultIcon pé áíkọ́ọ̀nù báyìí ni kí gbogbo fáìlì onírù báyìí máa gbé. Fódà ní ọ̀nà tirẹ̀: fáìlì kan tí a fi pa mọ́, tó ń jẹ́ desktop.ini, máa ń wà nínú fódà tí a bá ti yí áíkọ́ọ̀nù rẹ̀ padà, òun ló sì ń sọ ibi tí àwòrán náà wà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀ ètò tí ẹ máa rí lọ́jà. Ẹgbẹ́ kìíní ń yí ohun tó wà nínú Registry padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì nílò ọwọ́ yín mọ́: fáìlì tí ẹ bá ṣe lọ́la yóò jí pẹ̀lú áíkọ́ọ̀nù tuntun náà. Ẹgbẹ́ kejì ń kọ desktop.ini sínú fódà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì máa tọ́ka sí fódà tí ẹ fẹ́ kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ètò òun lè fún fáìlì PDF kan ṣoṣo ní áíkọ́ọ̀nù tirẹ̀ lórí Windows, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ ọ̀nà àbùjá, ìyẹn shortcut, ló ń ṣe sójú desktop yín. (Ẹni tó ń lo Mac lè ṣe é ní tirẹ̀ láìra ohunkóhun: yóò ṣe ẹ̀dà àwòrán tó fẹ́, yóò yan fáìlì náà, yóò tẹ Command àti I, yóò sì lẹ àwòrán náà mọ́ orí áíkọ́ọ̀nù kékeré tó wà lókè fèrèsé tó bá yọ.)

Nínú ẹgbẹ́ kìíní, FileTypesMan ti NirSoft àti IconPackager ti Stardock ni mo fi wéra. Ọ̀fẹ́ ni FileTypesMan, kò sì tóbi rárá. Èèyàn lè ṣí i láti inú fláàṣì láìfi sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí Windows fúnra rẹ̀ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló dá padà fún wa. Láti Windows 95 títí dé Windows XP, ojú ewé kan wà tó ń jẹ́ File Types, tí ẹnikẹ́ni lè ti ibẹ̀ yan áíkọ́ọ̀nù fún irú fáìlì tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Windows Vista dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní 2007, Microsoft ti yọ ojú ewé náà kúrò. FileTypesMan tò gbogbo ìrù fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àtẹ gígùn, ẹ ó wá .cdr níbẹ̀, ẹ ó ṣí i, ẹ ó sì fi fáìlì .ico (fáìlì àwòrán áíkọ́ọ̀nù) tí ẹ fẹ́ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, kò sì sí ẹni tí yóò dá yín dúró bí ẹ bá fẹ́ ṣàṣìṣe nínú Registry, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà Registry yín sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Owó ni wọ́n ń fi ra IconPackager, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn dán an wò ná. Odindi àkójọ áíkọ́ọ̀nù ló máa ń gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi mọ́ ti fódà, ti Recycle Bin, ti dírááfù àti ti àwọn irú fáìlì tó wọ́pọ̀, ó sì lè pa gbogbo wọn láró. Ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun lẹ́wà ni mo rí i pé ó bá mu. Ẹni tó jẹ́ pé ìrù fáìlì mẹ́ta péré ló ń dà á láàmú kò nílò láti sanwó fún gbogbo ilé nígbà tó jẹ́ ilẹ̀kùn kan ló fẹ́ kùn.

Ìṣòro kan wà tí ẹgbẹ́ yìí kò lè bọ́ nínú rẹ̀. Áíkọ́ọ̀nù ń tẹ̀ lé ètò tí Windows fi ń ṣí fáìlì náà. Lórí Windows 10 àti 11, Edge ni ó ń ṣí PDF bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ìdí nìyẹn tí PDF fi ń gbé àmì Edge. Bí ẹ bá fi FileTypesMan yí àmì náà, tí ẹ wá fi ètò mìíràn ṣe èyí tí yóò máa ṣí PDF lóṣù tó ń bọ̀, áíkọ́ọ̀nù ètò tuntun ni yóò jáde, ẹ ó sì tún iṣẹ́ náà ṣe. Ní ti káàdì ìgbéyàwó mi, òtítọ́ tí mo gbé mì nìyí: .cdr ni iṣẹ́ tó pé, .cdr náà ni Backup_of_. Kò sí ètò tó ń wo ìrù nìkan tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo .cdr mi wá ní áíkọ́ọ̀nù pupa tó rẹwà, àṣìṣe náà sì wà níbi tó wà.

Fódà ló gbà mí. Folder Marker, iṣẹ́ ArcticLine Software, ni a ń lò báyìí. Ẹ ó fi ọ̀tún máòsì tẹ fódà, ẹ ó sì yan àwọ̀ tàbí àmì láti inú àtẹ tó bá yọ. Ẹ̀dà mẹ́ta ló ní: èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Home, àti Pro. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé yàtọ̀ sí àwọ̀, ó ní àmì fún iṣẹ́ tó ti parí, èyí tó dé ìdajì àti èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe, àwọn wọ̀nyí sì wà nínú ẹ̀dà ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, fódà oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń gbé àmì ìdajì títí yóò fi sọ pé ohun gbogbo tọ́ lójú òun, lẹ́yìn náà la ó kó gbogbo Backup_of_ sínú fódà kan tí a ti kùn ní pupa, ọmọ iṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ tẹ iṣẹ́ jáde láti inú pupa. FolderIco ti Teorex ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, owó ni wọ́n sì ń san fún un. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti Folder Marker lọ lójú mi, ìyẹn náà ni gbogbo ìyàtọ̀ tí mo rí. Folder Painter ti Sordum jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ó tó ẹni tí kò fẹ́ ju àwọ̀ lásán lọ.

Kí ẹ tó sanwó fún ètò fódà èyíkéyìí, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ kun fódà kan, ẹ gbé e sínú fláàṣì, kí ẹ sì ṣí fláàṣì náà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bí àwọ̀ náà bá pòórá tí fódà padà sí yẹ́lò, a jẹ́ pé desktop.ini ń tọ́ka sí àwòrán tó wà lórí C: yín, kọ̀ǹpútà kejì kò sì ní irú rẹ̀. Folder Marker ní ibi tí ẹ lè ti ní kí ó gbé àwòrán náà sínú fódà fúnra rẹ̀ kí ó lè máa bá a rìn. Bákan náà, bí ẹ bá rí fáìlì desktop.ini lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé pa á rẹ́ pé ìdọ̀tí ni.

Ẹ̀rù kan wà tó yẹ kí n mẹ́nu bà, nítorí ẹni tó ń fi áíkọ́ọ̀nù dá fáìlì mọ̀ lè tètè kó sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lo káfẹ́ nígbà kan rí yóò rántí kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń gun fláàṣì kiri: ètò ni, orúkọ rẹ̀ parí sí .exe, ṣùgbọ́n ó gbé áíkọ́ọ̀nù fódà sórí, Windows sì fi ìrù rẹ̀ pa mọ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rò pé fódà lòun ṣí. Lónìí pàápàá, Windows ṣì ń fi ìrù àwọn fáìlì tó mọ̀ pa mọ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí View, ẹ lọ sí Show, kí ẹ sì tan File name extensions. Lórí Windows 10, inú View náà ló wà. Mo ti ṣe é lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa kí n tó fi ètò kankan sí i. Ẹ má sì ṣe gba ètò áíkọ́ọ̀nù tàbí àkójọ .ico láti ibòmíràn yàtọ̀ sí ojú ewé ẹni tó ṣe é.

Ní ti owó, dọ́là ni wọ́n fi ń ka iye àwọn ètò tó ń gbowó wọ̀nyí, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín bóyá káàdì náírà yín lè sanwó lókè òkun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ka iye kọ̀ǹpútà tí ìwé àṣẹ kan gbà. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ ìrù fáìlì, kí ó lo FileTypesMan, kí ó sì fi owó rẹ̀ sápò. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó fi ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ti Folder Marker ṣiṣẹ́ fún oṣù kan ná. Tèmi ti pé ọdún kan, n kò tíì ra Pro.